Ọmọ Ayétòrò Kò Tíì Sọ̀rọ̀

Bí òǹkọ̀wé kan bá fẹ́ kọ eré onítàn nípa ọdẹ, yóò wá ọdẹ lọ. Bí ó bá fẹ́ kọ nípa babaláwo, yóò jókòó ti babaláwo títí yóò fi mọ bí wọ́n ṣe ń di ọ̀pẹ̀lẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá kan àwọn ọmọ tí wọ́n dàgbà nínú ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ tẹ̀ dó láti máa jọ gbé, láti máa jọ ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì jọ ni ohun gbogbo, òǹkọ̀wé kan náà yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ orí, yóò mú gègé, yóò sì máa kọ ohun tí ó bá ti wá sí i lọ́kàn. Yóò dá wòlíì kan tí ó ń pariwo, yóò dá ọmọ kan tí ó ń sunkún, yóò ní eré ti parí. Ìwà ọ̀lẹ nìyí, ìwà ìrẹ́jẹ sì ni pẹ̀lú. Ohun kan ṣoṣo ni àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi múlẹ̀: níwọ̀n ìgbà tí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn bá ṣì wà láyé, ẹni tí kò bá tíì gbọ́ ti ẹnu wọn kò ní ẹ̀tọ́ láti gbé ìgbà èwe wọn sórí ìtàgé.

Ìlú tí ọ̀rọ̀ yìí bá wí jù lọ ní ilẹ̀ Yorùbá ni Ayétòrò, ní etí òkun ilẹ̀ Ìlàjẹ, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ní ọdún 1947 ni àwọn ọmọ ìjọ kan tí wọ́n ti inú Kérúbù àti Séráfù jáde, àwọn tí wọ́n ń jẹ́ Àpọ́sítélì Mímọ́, tẹ̀ ẹ́ dó sórí ilẹ̀ àbàtà. Òpó igi ni wọ́n fi gbé ilé wọn dúró lórí omi, pákó ni wọ́n sì tò ṣe títì. Wọ́n rí i nínú Ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì pé àwọn onígbàgbọ́ ìgbà ìwáṣẹ̀ kò dá ohun ìní kankan ní lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì pinnu pé àwọn náà yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹja tí apẹja bá pa, ti gbogbo ìlú ni. Owó tí wọ́n bá pa lórí rẹ̀, àpò kan náà ni ó ń wọ̀, láti inú àpò yẹn ni oúnjẹ àti aṣọ olúkúlùkù sì ti ń jáde. Ọba ìlú náà ni olórí ìjọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ní iná mànàmáná nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú tí ó jù wọ́n lọ ṣì ń tan àtùpà. Wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi, ibi tí wọ́n ti ń hun aṣọ, ibi tí wọ́n ti ń ṣe bàtà àti ibi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì. Ìtàn tí àwọn ará ibẹ̀ sì ń sọ ni pé, ara ohun tí ó dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn àti àwọn aládùúgbò wọn, kí wọ́n tó lọ tẹ ìlú tiwọn dó, ni pé àwọn kò fara mọ́ pípa ìbejì.

Kí òǹkàwé fi ọkàn sí èyí. Ìlú tí ìtàn ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ dá lórí ẹ̀mí ọmọ ni ìlú yìí. Síbẹ̀, nínú gbogbo ohun tí aráyé ti kọ nípa rẹ̀, ọmọ gan-an ni ó ṣọ̀wọ́n jù lọ. Stanley Barrett, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Kánádà, lọ gbé ibẹ̀ ṣe ìwádìí, ó sì tẹ ìwé The Rise and Fall of an African Utopia jáde ní ọdún 1977. Ó fi orúkọ ìlú náà pamọ́, ó pè é ní Olowo. Ó kọ nípa bí ọrọ̀ ṣe pọ̀ níbẹ̀ àti ohun tí ó fà á. Ó kọ pé ìgbà kan wà tí ọkùnrin àti obìnrin ń gbé ní apá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láàárín ìlú. Ó kọ pé wọ́n gbà gbọ́ pé àwọn kò ní kú. Ó kọ pé ní ọdún 1968 ni ètò àjọní náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, tí olúkúlùkù sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ fún àpò ara rẹ̀. Wọlé Ṣóyínká náà fi Ayétòrò ṣe ìpìlẹ̀ ìlú Aiyéró nínú ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀, Season of Anomy, tí ó jáde ní ọdún 1973. Iṣẹ́ ńlá ni iṣẹ́ àwọn méjèèjì, kò sì sí ẹni tí yóò fi ọwọ́ rọ́ wọn sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ètò ìlú ni onímọ̀ wá lọ. Àpẹẹrẹ ìlú rere tí àgbà lè fi ronú nípa ìṣèlú ni òǹkọ̀wé wá lọ. Iṣẹ́ òǹkọ̀wé eré onítàn yàtọ̀ sí ti àwọn méjèèjì, nítorí pé ènìyàn ni yóò dúró lójú agbo, ènìyàn ni yóò la ẹnu.

Kí wá ni ọmọ náà yóò sọ bí ó bá la ẹnu? Ta ni ọmọ ọdún mẹ́fà ń sá tọ̀ lọ bí ó bá lálàá burúkú lóru? Nínú ìlú tí ohun gbogbo ti jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, ta ni ó ń pè ní ìyá, ṣé ìyá náà sì lè dá ẹran inú ọbẹ̀ tirẹ̀ sí fún un? Nígbà tí ó kọ́kọ́ rí òkú ní ìlú tí wọ́n ti sọ fún un pé ikú kò ní wọ̀, kí ni àwọn àgbà wí fún un, ṣé ó sì gbà wọ́n gbọ́? Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó fẹ́ràn ọmọbìnrin kan ní apá kejì ìlú, ọgbọ́n wo ni ó dá? Nígbà tí ọdún 1968 dé, tí ọ̀dọ́ kọ́kọ́ ka owó tí ó jẹ́ tirẹ̀ níkan sí ọwọ́, ṣé ayọ̀ ni ó bá a ni tàbí ìtìjú? Ẹni tí ó lọ kàwé ní òkè òkun tàbí ní Èkó, tí ó padà wálé, ṣé ilé ni ó rí ni tàbí ọgbà? Kò sí ìkankan nínú àwọn ìbéèrè wọ̀nyí tí òǹkọ̀wé lè ti inú yàrá rẹ̀ dáhùn. Ẹnu oníkàn ni a ti ń gbọ́ pọ̀ún.

Ọ̀nà méjì ni ó ti mọ́ àwọn eléré lára láti gbà sá fún ìbéèrè wọ̀nyí. Ọ̀nà kìn-ín-ní ni ìyìn. Wọn yóò sọ ti iná mànàmáná, wọn yóò sọ ti ọkọ̀ ojú omi, wọn yóò sọ pé kò sí olè, kò sí tálákà, wọn yóò sì mú kí ègbè orin gbé e. Àwọn ọmọ inú irú eré bẹ́ẹ̀ kò ju òdòdó tí a fi ṣe ibi ìjókòó lọ́ṣọ̀ọ́. Ọ̀nà kejì ni ẹ̀gàn. Láti ìgbà tí The Trials of Brother Jero ti Ṣóyínká ti kọ́kọ́ jáde sórí ìtàgé ní ọdún 1960, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà pé kò sí ohun mìíràn tí eré lè fi wòlíì ṣe ju kí ó fi í rẹ́rìn-ín lọ. Eré Jero dára ní tirẹ̀: wòlíì ni ó ń bá wí, wòlíì ni ó sì bá wí. Àṣìṣe ni ti àwọn tí wọ́n tẹ̀ lé e, tí wọ́n rò pé bí a bá ti bú olórí, a ti sọ ìtàn ọmọ ẹ̀yìn. Ẹni tí ó ń yìn àti ẹni tí ó ń gàn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Olórí ni àwọn méjèèjì ń wò. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ni.

Àwọn kan yóò dáhùn pé àtinúdá ni ìwé kíkọ, pé eré ni eré ń jẹ́, pé òǹkọ̀wé kì í ṣe akọ̀wé kóòtù. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò ní egungun. Nígbà tí Dúró Ládiípọ̀ ń múra Ọba Kò So, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní ọdún 1963, kò gbára lé orí ara rẹ̀ níkan. Ó wá oríkì Ṣàngó lọ, ó wá ìlù bàtá lọ, ó fetí sí ohùn àwọn tí wọ́n ni Ṣàngó. Ìwádìí yẹn kò pa àtinúdá rẹ̀. Òun gan-an ni ó fún un ní ẹsẹ̀ tí ó fi dúró. Bẹ́ẹ̀ ọba tí ó kọ nípa rẹ̀ ti di òrìṣà, kò sì lè ti ara ìwé jáde wá jiyàn. Bí a bá ṣe ìwádìí tó bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó ti di àkúnlẹ̀bọ, kí ni kò jẹ́ kí a ṣe é fún àgbàlagbà tí ó jókòó sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀, tí ó sì ṣetán láti sọ̀rọ̀ bí ẹnìkan bá bi í?

Gbèsè mìíràn tún wà lọ́rùn ìtàgé Yorùbá. Eré tí Hubert Ògúndé fi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1944, The Garden of Eden and the Throne of God, ìjọ Aládùúrà kan ní Èkó ni ó rán an níṣẹ́ rẹ̀, kí wọ́n lè fi wá owó kọ́ ilé ìjọsìn. Inú ìjọ ni eré orí ìtàgé òde òní ti jáde wá. Ọmọ tí ó ti inú ilé kan jáde kò gbọdọ̀ máa sọ̀rọ̀ ilé náà bí ẹni pé àlejò ni òun.

Àwọn ará Lọ́kọ́ja kò tilẹ̀ ní láti rìn jìnnà kí wọ́n tó rí ohun tí àìbéèrè ń fà. Ní ọdún 1841, àwọn òyìnbó tí wọ́n gbà pé ìgbàgbọ́, oko ríro àti òwò tí ó tọ́ ni yóò lé òwò ẹrú lọ, gba ilẹ̀ lọ́wọ́ Àtá Igálà ní ibi tí Odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé. Wọ́n dá oko àwòkọ́ṣe kan sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì fi àwọn adúláwọ̀ sílẹ̀ láti máa ro ó. Samuel Àjàyí Crowther wà nínú ìrìn àjò náà. Ibà pa púpọ̀ nínú àwọn òyìnbó inú ọkọ̀, nígbà tí ó sì fi máa di ọdún 1842, wọ́n ti pa oko náà tì. Àwọn ọ̀gá ọkọ̀ kọ ìwé sílẹ̀. Ìwé ìrántí Crowther àti ti Schön jáde ní ọdún 1842. Àwọn tí wọ́n di ọkọ́ mú ńkọ́? Ohun tí ó kù nípa wọn, ẹnu ọ̀gá ni a ti ń gbọ́ ọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ eré nípa oko náà lónìí kò ní ọ̀nà mìíràn ju kí ó fi ọkàn ro ohùn wọn lọ. Ó ní àwíjàre, nítorí pé kò sí ẹni tí ó kù láti bi. Ẹni tí yóò kọ nípa Ayétòrò kò ní irú àwíjàre bẹ́ẹ̀.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé kí ni ọmọdé mọ̀, pé ohun tí àgbàlagbà bá rántí nípa ìgbà èwe rẹ̀ ti lọ́, ó ti wọ́. Àwọn tí wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pa á lówe pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Lóòótọ́, ìrántí a máa ṣi ènìyàn lọ́nà. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í bi ẹyọ ẹnìkan. Ẹni mẹ́wàá yóò sọ̀rọ̀ nípa alẹ́ ọjọ́ kan náà, ọ̀rọ̀ wọn kò sì ní dọ́gba. Ibi tí wọn kò ti dọ́gba yẹn ni eré wà. Bí ẹ̀gbọ́n bá sọ pé àwọn kò mọ ebi rí, tí àbúrò sì sọ pé òun a máa jí ẹja gbígbẹ jẹ, kì í ṣe dandan kí ọ̀kan nínú wọn máa purọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ohun tí ọmọ rí láti ìsàlẹ̀, olórí ìjọ kò lè rí i láti orí àga rẹ̀.

Àtakò kẹta ni ó wúwo jù, nítorí pé ọwọ́ àwọn ènìyàn rere ni ó ti ń wá. Wọ́n ní irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ yóò tú àṣírí ìjọ, yóò sì sọ ìgbàgbọ́ ẹlòmíràn di ẹ̀sín. Ìdàkejì ọ̀rọ̀ yìí ni òtítọ́. Àìṣèwádìí ni ó ń sọ ìgbàgbọ́ di ẹ̀sín. Ní oṣù keje ọdún 2022, àwọn ọlọ́pàá kó ènìyàn 77, tí 26 nínú wọn jẹ́ ọmọdé, jáde láti inú ilé ìjọsìn kan ní ìlú Oǹdó, níbi tí àwọn kan ti ń retí pé Jésù yóò wá gbé àwọn lọ. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ti Ayétòrò rárá. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ mélòó kan tó kọjá, aráyé ti dájọ́: àwọn kan ní ajínigbé ni, àwọn kan ní wèrè ni, àwọn kan fi ṣe àwàdà. Ẹni tí ó bá sáré kọ eré lé ìròyìn yẹn lórí, àwàdà ìta ni yóò kọ. Èyí kò wá túmọ̀ sí pé kí òǹkọ̀wé máa lé àwọn ọmọ náà kiri. Ọmọ tí ọgbẹ́ rẹ̀ ṣì tutù kì í ṣe ẹni tí à ń bi ní ìbéèrè nítorí eré. Kí ó dàgbà, kí ó yàn fúnra rẹ̀ bóyá òun yóò sọ̀rọ̀. Bí ó bá ní òun kò sọ, ọ̀rọ̀ ti tán.

Àwọn ibòmíràn láyé ti ṣe é, kò sì pa wọ́n. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1978, ó lé ní 900 ènìyàn tí wọ́n kú ní Jonestown, ìlú tí ìjọ kan láti Amẹ́ríkà tẹ̀ dó sínú igbó ilẹ̀ Guyana. Nǹkan bí 300 nínú wọn jẹ́ ọmọdé àti ọ̀dọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, májèlé tí wọ́n mu níkan ni aráyé mọ̀ nípa wọn. Leigh Fondakowski àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ bá àwọn tí wọ́n yè, wọ́n bi wọ́n, wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ wọn ṣe eré The People’s Temple tí ó jáde ní ọdún 2005. Ohun tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fi hàn ni pé àwọn tí wọ́n kú kì í ṣe agbo àgùntàn. Wọ́n ní ìrètí, wọ́n ní orin, wọ́n ní ọ̀rẹ́. Bí ilẹ̀ tí ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ bá lè fara da ìbéèrè, Ayétòrò, tí orúkọ rẹ̀ ń sọ pé ayé rọrùn, yóò fara dà á.

Báwo ni kí a ṣe é? Kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Kí akẹ́kọ̀ọ́ gba Igbókọ̀dá lọ, kí ó wọ ọkọ̀ ojú omi, kí ó kọ́kọ́ lọ kí ọba àti àwọn àgbà ìjọ, kí ó sọ ohun tí ó bá wá láìfi ọ̀kan pamọ́. Kí ó bi àwọn tí wọ́n dúró, kí ó sì wá àwọn tí wọ́n kúrò níbẹ̀ kiri. Ẹni tí ó bá gbọ́ ti apá kan níkan kò tíì gbọ́. Kí ó bi obìnrin bí ó ti ń bi ọkùnrin. Kí ó má fi ìdáhùn sínú ìbéèrè rẹ̀. Kí ó fi orúkọ ẹni tí ó bá ní kí a fi orúkọ òun pamọ́ pamọ́. Kí ó gba ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní ohùn Ìlàjẹ bí wọ́n ti sọ ọ́, kì í ṣe kí ó fọ̀ ọ́ di Yorùbá inú ìwé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jẹ́ ọmọ Yàgbà, Ìjùmú, Owé, Bùnú tàbí Ọ̀wọ́rọ̀ yẹ kí ó tètè lóye èyí, nítorí pé ó mọ bí ó ṣe ń rí lára nígbà tí ẹlòmíràn bá fi ohùn ilé rẹ̀ ṣe ẹ̀rín lórí ìtàgé. Lẹ́yìn tí ó bá kọ eré tán, kí ó gbé e padà lọ, kí ó kà á sí àwọn tí wọ́n sọ̀rọ̀ létí kí wọ́n tó gbé e jáde. Bí wọ́n bá ní ibi kan kò rí bẹ́ẹ̀, kí ó tún un ṣe. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni kí ó wá ṣe àtinúdá rẹ̀ bí ó bá ṣe wù ú: kí ó to ìran, kí ó dá orin, kí ó pa ẹni mẹ́ta pọ̀ di ẹ̀dá ìtàn kan. Àtinúdá tí ó bá gba ọ̀dọ̀ òtítọ́ kọjá kì í ṣìnà.

Àsìkò kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọdún tí wọ́n tẹ Ayétòrò dó ti ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún. Ìlú náà fúnra rẹ̀ ń lọ. Láti bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni òkun ti ń jẹ ẹ́: ó ti gbé ilé lọ, ó ti gbé ibi iṣẹ́ lọ, ó ti gbé ilé ẹ̀kọ́ lọ, kò sì dá ibojì òkú sí. Wọ́n ti gbé iṣẹ́ ìdènà òkun síta ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, omi ṣì ń wọlé. Àwọn tí omi lé kúrò nílé ní Lọ́kọ́ja ní ọdún 2012 àti ní ọdún 2022 mọ ohun tí èyí jẹ́. Wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe ògiri níkan ni omi ń gbé lọ. Ṣùgbọ́n odò a máa fà sẹ́yìn, onílé a sì padà wá gbá ẹrẹ̀. Òkun Ayétòrò kò dá ohun tí ó mú padà. Nígbà tí ilé tí ọmọ sùn sí bá ti lọ, tí títì pákó tí ó sáré lórí rẹ̀ bá ti lọ, ẹnu rẹ̀ níkan ni ó kù tí ìlú náà fi wà.

Ọdọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ẹ̀ka Èdè Yorùbá ń wá orí ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ àṣekágbá, ọdọọdún ni púpọ̀ nínú wọn sì ń tún ohun tí ẹlòmíràn ti kọ nípa ìwé márùn-ún kan náà kọ. Iṣẹ́ nìyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe tán. Kí àwọn olùkọ́ rán wọn lọ. Kí wọ́n fún wọn ní ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, kí wọ́n kọ́ wọn bí a ṣe ń béèrè àti bí a ṣe ń dákẹ́ kí ẹlòmíràn lè sọ̀rọ̀. Kí wọ́n sì kọ eré tí kò bá ní ohùn oníkàn nínú, bí ó ti wù kí orin rẹ̀ dùn tó. Àgbàlagbà Ayétòrò kan lè máa wo omi láàárọ̀ yìí, kí ó ní gbogbo ìdáhùn náà nínú, kí ó sì jẹ́ pé ohun tí ó kù kò ju kí ẹnìkan jókòó tì í, kí ó sì bi í pé: “Bàbá, nígbà tí ẹ wà ní ọmọdé, báwo ni ó ṣe rí?”